Ẹ Bi Bàbá Rìwáyà: Ìwé Ní 57, Mítà Ní 11

Ọ̀kun o, gbogbo ilé. Lẹ́tà tó dé ọwọ́ mi ní Kabba lóṣù yìí pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Mo ti ti àwọn tó béèrè nípa kabúrétọ̀ sápá kan di oṣù tó ń bọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Lẹ́tà mẹ́rin ló jọ ń fa okùn kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó kọ wọ́n kò mọra rí: ọkọ̀ àtijọ́, ìgíníṣọ̀n ẹlẹ́kitíróníìkì, àti dwell, ìyẹn ìgbà tí kọ́ìlì fi ń gba iná kó tó ta á sí púlọ́ọ̀gì, tí mítà ń sọ bó ṣe wù ú.

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Mopa:

*Bàbá Rìwáyà, mo kí yín o. Pijó 504 ni mò ń wà, èyí tí mo rà ní 1979, nígbà tí wọ́n ń tò ó ní Kaduna. Nígbà Kérésìmesì tó kọjá, ọmọ mi tó wà ní Abuja ra kíìtì ìgíníṣọ̀n ẹlẹ́kitíróníìkì wá fún mi, pé kí n sinmi lọ́wọ́ kọ́ńtáàtì, irin ẹnu méjì tó ń pa dé tó sì ń là láti já iná kọ́ìlì, tí mò ń fi sáńpépà ha lóṣooṣù. Rìwáyà àdúgbò wa ló bá mi fi sí i. Ẹ̀ẹ̀kan péré la fi kọ́kọ́rọ́ sí i tó fi jí. Àfi ìgbà tó gbé mítà dwell rẹ̀ jáde. Ẹ́ńjìnnì wà ní síló, ní bí ìyípo 900 ní ìṣẹ́jú kan, mítà ka dígíríì 11. Ìwé ọkọ̀ mi ní 57 ni kó jẹ́. Ó yí distributor tó ń pín iná fún púlọ́ọ̀gì sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, láti aago mẹ́wàá àárọ̀ títí oòrùn fi yẹ̀, mítà kò kúrò lórí 11. Nígbà tó rẹ́èsì rẹ̀ dé 3000, ó fò lọ sí 36. Ó ní ayédèrú ni kíìtì náà. Láti ọjọ́ náà ni ọkọ̀ ti ń gbóná, kò sì fẹ́ gun òkè mọ́. Ṣé òótọ́ ni pé kíìtì náà kò dára? Báwo ni wọ́n ṣe ń wọn dwell ọkọ̀ tí kò ní kọ́ńtáàtì?*

Ẹ̀yin Olùkọ́, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìdààmú. Kò sí nǹkan kan tó ṣe kíìtì yín. Màá ṣe ìṣirò rẹ̀ síbí, ẹ̀yin náà ẹ ó sì bá mi máàkì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí n gbèjà rìwáyà yín, nítorí ohun tó ṣe yẹn, èmi náà ti ṣe é rí, tèmi tún burú jù ú lọ.

Kaduna ni mo ti kọ́ṣẹ́, láti 1976 sí 1980. Gbogbo ọkọ̀ tí ọ̀gá mi fi lé mi lọ́wọ́, kọ́ńtáàtì ló wà nínú wọn. Mo lè la ẹnu kọ́ńtáàtì Pijó sí 0.4 mìlímítà láì fa fílà gééjì tí à fi ń wọn àlàfo yọ, kí mítà sì bọ́ sórí 57. Ìgbéraga yẹn ni mo gbé wálé. Ní 1988, òṣìṣẹ́ báńkì kan gbé ọkọ̀ tó ń mísì wá bá mi láti Lokoja. Mo ṣí distributor, n kò rí kọ́ńtáàtì. Irin roboto kékeré eléyín mẹ́rin ni mo rí, àti wáyà tí wọ́n wé mọ́ irin mìíràn létí rẹ̀. Mo yọ fílà gééjì, mo ń tún àlàfo eyín náà ṣe bí ẹni ń tún kọ́ńtáàtì ṣe, mo ń wo mítà, nọ́ńbà kò dá mi lóhùn. Àárọ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó mi ló gbé iyán lọ fún ọkùnrin náà lábẹ́ igi máńgòrò nígbà tó rí i pé ojú rẹ̀ ti ń yí padà. Ní ìrọ̀lẹ́, mo ṣèèṣì rí wáyà púlọ́ọ̀gì kan tó ti là, mo pààrọ̀ rẹ̀, mísì náà dákẹ́. Wáyà púlọ́ọ̀gì! Mo sì gba owó àtúnṣe dwell lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣì ń tì mí lójú bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Ó yá, ìṣirò. Kọ́ìlì kì í ṣàdédé ta iná. Ó ní láti kọ́kọ́ gba iná lọ́dọ̀ bátìrì, kó kún, kí wọ́n wá já iná náà mọ́ ọn lẹ́nu lójijì kó tó ta á sí púlọ́ọ̀gì. Ìgbà tó fi ń gba iná yẹn ni à ń pè ní dwell. Ẹ rántí bí a ṣe máa ń ri kèrègbè bọ odò nígbà èwe, tó ń dún gbúlú-gbúlú bí afẹ́fẹ́ ṣe ń jáde nínú rẹ̀. Ẹni tó bá yọ ọ́ kíákíá, àbọ̀ ló máa gbé délé. Ẹni tó sì tún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ sínú omi lẹ́yìn tó ti kún, kò ní rí ju bó ṣe kún lọ. Ibi tí kọ́ìlì ti yàtọ̀ nìyí: tí ó bá kún tán tí iná kò dẹ́kun, gbogbo èyí tó ń wọlé lẹ́yìn náà, ooru ló ń fi í dà.

Kọ́ńtáàtì kò mọ àkókò, ìwọ̀n ìyípo nìkan ló mọ̀. Ọ̀pá inú distributor Pijó ní kókó mẹ́rin lára. Bí ọ̀pá náà bá yí ká lẹ́ẹ̀kan, dígíríì 360 ni, kókó kọ̀ọ̀kan sì ní 90 tirẹ̀. Nínú 90 yẹn, ìwé yín ní kí ẹnu kọ́ńtáàtì pa dé fún 57, kó là fún 33 tó kù. Ẹ́ńjìnnì ìbáà máa rìn, ìbáà máa sáré, 57 náà ni.

Ẹ mú bírò. Ẹ̀ẹ̀kan ni ọ̀pá distributor ń yí bí ẹ́ńjìnnì bá yí lẹ́ẹ̀mejì, nítorí náà ẹ́ńjìnnì oní-púlọ́ọ̀gì mẹ́rin ń ta iná lẹ́ẹ̀mejì nínú ìyípo tirẹ̀ kan. Ní 900, ìyẹn jẹ́ iná 1,800 ní ìṣẹ́jú kan, tàbí 30 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí a bá gé ìṣẹ́jú-àáyá kan sọ́nà ẹgbẹ̀rún, ẹyọ kan níbẹ̀ ni wọ́n ń pè ní mìlísẹ́kọ́ǹdì. Láti iná kan sí èkejì, a ní 33.3 irú rẹ̀. Mítà yín ka 11. Ẹ pín 11 sí 90, ẹ fi 33.3 sọ ọ́ di púpọ̀. 4 ló máa jáde, àjẹkù rẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹ wá bọ́ sí 3000. Iná di 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, àárín wọn di mìlísẹ́kọ́ǹdì 10. Mítà ka 36. Ẹ pín 36 sí 90, ẹ fi 10 sọ ọ́ di púpọ̀. 4 náà ni.

Kíìtì yín ń fún kọ́ìlì ní mìlísẹ́kọ́ǹdì mẹ́rin ní síló, ó tún ń fún un ní mẹ́rin lójú eré. Iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é nìyẹn. Dígíríì tí rìwáyà yín rí tó ń fò sókè kò fò rárá. Àkókò dúró sójú kan, ìyípo ló yára, nítorí náà àkókò kan náà wá bo ibi tó gbòòrò nínú ìyípo.

Ẹ tún fi kọ́ńtáàtì àtijọ́ ṣe irú ìṣirò kan náà, kí ẹ lè rí ìdí tí àwọn ènìyàn fi yọ ọ́. 57 nínú 90 ní 900 jẹ́ mìlísẹ́kọ́ǹdì 21. Ní 3000, ó di 6.3. Ní 5000, 3.8 péré. Ní síló, tí ẹ bá dúró níwájú ṣọ́ọ̀ṣì tí ẹ ń retí àwọn ará ilé, kọ́ìlì kò nílò tó ìdajì 21 yẹn, gbogbo ìyókù ni ẹ fi ń yáná. Lójú eré tí ẹ wá nílò iná gan-an, kọ́ńtáàtì ń já a gbà mọ́ ọn lẹ́nu. Ẹni tó bá ń wá 57 lórí irú kíìtì tí ẹ ní yìí, abẹ́ àkùkọ ló ti ń wá ẹyin.

Kí wá ló ń mú ọkọ̀ gbóná? Rìwáyà yín rò pé dwell lòun ń yí, táímìnì ló yí. Nínú ọkọ̀ tí kò ní kọ́ńtáàtì, ẹ lè yí distributor títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, dwell kò ní mira, nítorí inú módùlù, ẹ̀rọ kékeré tó ń já iná dípò kọ́ńtáàtì, ni wọ́n ti pinnu rẹ̀. Ìgbà tí iná máa ta nìkan ni ẹ ń sún síwájú tàbí sẹ́yìn. Ó dá mi lójú pé ó fi í sílẹ̀ sẹ́yìn. Irú rẹ̀ máa ń gbóná, kì í sì í ní agbára lórí òkè. Ẹ jẹ́ kí ó fi tọ́ọ̀ṣì táímìnì dá a padà sí ohun tó wà nínú ìwé ọkọ̀. Kó kọ́kọ́ yọ ọ̀pá rọ́bà tó ń fa afẹ́fẹ́ lára distributor, kó dí ẹnu rẹ̀, kó fi ẹ́ńjìnnì sí síló, kó tó wo àmì. Èyí kò gbọdọ̀ gbà á ju ìdajì wákàtí lọ, ẹ má sì sanwó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ti bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́, ojú ibi tí ẹ̀ ń gbé mítà sí tẹ́lẹ̀ náà ni: ìdè kan sí ẹ̀gbẹ́ kọ́ìlì tó lọ sí distributor, èyí tó ní àmì ìyọkúrò, ìdè kejì sí ara ẹ́ńjìnnì níbi tí kò sí ìpẹtà. Ohun tó yí padà ni ìbéèrè tí à ń bi mítà. Ẹ má bi í bóyá nọ́ńbà kan pé. Ẹ wò ó ní síló, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ wò ó ní 3000, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí mìlísẹ́kọ́ǹdì méjèèjì bá dọ́gba, kíìtì aláàkókò ni, ara rẹ̀ sì le. Bí ó bá jẹ́ pé dígíríì ló dọ́gba, kíìtì náà ń ṣe bíi kọ́ńtáàtì. Ọ̀pọ̀ àwọn olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n fi òrùka mágínẹ́ẹ̀tì bọ ọ̀pá distributor wà báyìí, àwọn náà kò sì burú, iye tó wà nínú ìwé kékeré inú páálí wọn ni kí ẹ fi wé e. Bí nọ́ńbà bá wá ń gbọ̀n sọ́tùn-ún sósì nígbà tí ẹ́ńjìnnì dúró déédé, ẹ fi ọwọ́ mi orí ọ̀pá distributor kí ẹ wò ó. Bí ó bá ń mì, búṣì rẹ̀ ti jẹ, kò sí kíìtì tó lè wo èyí sàn. Bí kò bá mì, ẹ wá wáyà tó so ara distributor mọ́ ẹ́ńjìnnì. Nínú eruku ọyẹ́ tiwa yìí, mo ti rí i tí wáyà yẹn fúnfun bí ẹfun.

Mítà alábẹ́rẹ́ àtijọ́ sì lè parọ́ fún yín, ẹ mọ èyí náà. Nígbà tí kọ́ńtáàtì bá pa dé, iná ẹ̀gbẹ́ kọ́ìlì yẹn máa ń já sí òdo. Módùlù kì í já a dé òdo, fóòtì (volt) kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ ló máa ń ṣẹ́kù. Àwọn módùlù kan tún gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ: tí kọ́ìlì bá ti kún, wọ́n á fún un lọ́rùn díẹ̀ kó má baà gba ju bó ṣe yẹ lọ, fóòtì ibẹ̀ á sì gòkè kó tó di pé wọ́n já a. Mítà á rò pé ó ti là. Ó máa ka iye tó kéré sí òótọ́. Èyí kò ṣẹlẹ̀ sí tiyín, nítorí mẹ́rin méjèèjì bára mu. Àwọn ará Amẹ́ríkà ti ja irú ìjà yìí tipẹ́. Nígbà tó fi di 1975 tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ GM ń fi ìgíníṣọ̀n tí wọ́n ń pè ní HEI sínú ọkọ̀ wọn, módùlù ló ń pinnu dwell, dígíríì rẹ̀ sì ń pọ̀ bí eré ṣe ń pọ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ rí òkodoro, síkóòpù, ẹ̀rọ tó ń ya ìrìn iná sójú dígí, ló máa fi wò ó. Ọmọbìnrin mi ra kékeré kan fún mi, kò tóbi ju Bíbélì kékeré tí à ń fi sápò lọ. Mo máa ń fi ìdè tó ń wọn ámpìà gbá wáyà kọ́ìlì mú, mo sì ń wo bí iná ṣe ń gun òkè lójú rẹ̀, tó ń gùn, tó ń gùn, tó sì já wálẹ̀ wálau. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́, èyí sì ni ìgbà àkọ́kọ́ tí mo fojú rí ohun tí mò ń tún ṣe.

Oríṣi kan wà tí ẹ kò gbọdọ̀ tilẹ̀ gbé mítà dwell sí, èyí tó ń kó iná rẹ̀ sínú kapásítọ̀ kó tó da á lu kọ́ìlì lẹ́ẹ̀kan. CDI ni wọ́n ń pè é. Kọ́ìlì tirẹ̀ kì í gba iná díẹ̀díẹ̀, nítorí náà kò ní dwell, nọ́ńbà yòówù tí mítà bá kà níbẹ̀, òfìfo ni.

Ọmọ iṣẹ́ rìwáyà, Isanlu:

*Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ọ̀gá mi kò ní mítà dwell. Èmi ní mítà onínọ́ńbà tó ní Hz àti %. Mo gbé e sí kọ́ìlì Pijó oníkíìtì kan, ó ka 88 lórí %. Ọ̀gá mi ní mo kàn ń tẹ nǹkan kiri ni. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe lè sọ ọ́ di dígíríì?*

Ọmọ mi, o kú akitiyan. O ò tẹ nǹkan kiri, ìdàkejì ni mítà rẹ ń kà fún ọ. Àwọn mítà kan máa ń ka ìgbà tí fóòtì wà lókè, àwọn mìíràn ń ka ìgbà tó wà nílẹ̀. Nílẹ̀ ni dwell wà. Yọ 88 kúrò nínú 100, ó ku 12. Fi 0.9 sọ ọ́ di púpọ̀ fún ẹ́ńjìnnì oní-púlọ́ọ̀gì mẹ́rin, ó di dígíríì 10.8. Lọ ka lẹ́tà olùkọ́ ará Mopa lókè yìí, wàá rí i pé kíìtì tìrẹ àti tiwọn lè jẹ́ ọmọ ìyá. Bí ọkọ̀ oní-púlọ́ọ̀gì mẹ́fà bá bọ́ sí ọ lọ́wọ́, 0.6 ni kí o lò. Ti mẹ́jọ, 0.45.

Hz rẹ yẹn, iye ìgbà tí iná ń ta ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, òun pàápàá, owó ni. Fi 30 sọ ọ́ di púpọ̀ lórí Pijó, ìyípo ẹ́ńjìnnì ní ìṣẹ́jú kan ni. Tí ó bá ka 30, 900 nìyẹn. Ti mẹ́fà, fi 20. Ti mẹ́jọ, fi 15. Pẹ̀lú mítà kan ṣoṣo, o ti ní ìyípo, o ti ní ìdá ọgọ́rùn-ún, o lè dá mìlísẹ́kọ́ǹdì ṣe: pín 1,000 sí Hz, kí o mú ìdá ọgọ́rùn-ún dwell nínú rẹ̀. Dán an wò kí ọ̀gá rẹ tó jí ní Mọ́ńdè.

Ṣùgbọ́n gbọ́ èyí dáadáa. Ẹ̀gbẹ́ kọ́ìlì yẹn, tí módùlù bá já iná, fóòtì ibẹ̀ máa ń fò dé 300, ó lè kan 400, kó tó wálẹ̀. Kì í ṣe 12 mọ́. Yí mítà rẹ wò, wo iye fóòtì tí wọ́n kọ sí ẹnu rẹ̀ pé ó lè gbà lórí ipò Hz àti %. Bí kò bá tó, má gbé e síbẹ̀, wá mítà tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ tàbí kí o lo wáyà tí àwọn kíìtì kan yọ sílẹ̀ fún mítà ìyípo. Kan ìdè rẹ mọ́ ọn kí ẹ́ńjìnnì tó jí, kì í ṣe lẹ́yìn tó ti jí. Jẹ́ kí wáyà mítà jìnnà sí wáyà púlọ́ọ̀gì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, nọ́ńbà á máa jó bàtá. Aṣọ rẹ ńkọ́? Ká apá rẹ̀ sókè, fáànù kì í bẹ̀bẹ̀.

Ìyá ẹlẹ́lùbọ́, Egbe:

*Bàbá, ẹ kúulé o. Fọ́ksìwágìn Ìjàpá tí olóògbé ọkọ mi fi sílẹ̀ ni mo fi ń kó èlùbọ́ lọ sọ́jà. Wọ́n bá mi yọ kọ́ńtáàtì, wọ́n fi ẹlẹ́kitíróníìkì sí i, wọ́n pààrọ̀ kọ́ìlì náà. Kò tó oṣù méjì, a ti kọjá Odo-Ere ni ọkọ̀ kú pátá. Kọ́ìlì gbóná débi pé omi dúdú ń jò lára rẹ̀. Wọ́n fi òmíràn sí i, ìyẹn náà tún ti ń gbóná. Ọmọ mi ọkùnrin máa ń jókòó sínú rẹ̀ gbọ́ bọ́ọ̀lù lórí rédíò ní alẹ́, mo sì ní bóyá ó ń tẹ nǹkan tí kò yẹ.*

Ìyá, ẹ kú ọ̀rọ̀ èèyàn, Olúwa á máa tọ́jú ẹni tó lọ. Ẹ ti dáhùn ìbéèrè yín fúnra yín ní ìlà tó kẹ́yìn. Ọmọ náà kò tẹ nǹkan kan o, ẹ má nà án. Kọ́kọ́rọ́ ló ń yí sí ibi tí rédíò ti ń gba iná, ibẹ̀ kan náà sì ni kọ́ìlì ti ń gba tirẹ̀. Ẹ́ńjìnnì kò yí, iná kò já, kọ́ìlì dà bí kèrègbè tó rì sínú omi fún odidi ìdajì bọ́ọ̀lù. Àwọn módùlù kan máa ń pa ara wọn bí ẹ́ńjìnnì kò bá yí, àwọn mìíràn kò mọ ìyẹn. Ti yín kò mọ̀ ọ́n. Kí wọ́n gbé wáyà rédíò lọ sórí fíúsì tí kò gba ọ̀dọ̀ kọ́kọ́rọ́ kọjá. Wáyà kan, fíúsì kan, iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ìyẹn ni àkọ́kọ́. Èkejì ni kọ́ìlì tí wọ́n pààrọ̀ fún yín. Kí wọ́n yọ wáyà rẹ̀, kí wọ́n fi mítà wo ohm láàárín ìdí méjèèjì. Kọ́ìlì tó bá ọ̀pọ̀ kíìtì Ìjàpá mu jẹ́ bí ohm 3. Fóòtì 12 bátìrì tí a pín sí 3 jẹ́ ámpìà 4, módùlù lè fara dà á. Bí wọ́n bá gbé oní-1.5 fún yín, 8 ni, ó sì yẹ kí rẹsísítọ̀ kan tó ń dín iná kù wà níwájú rẹ̀. Bí wọ́n bá wá gbé èyí tí kò tó ohm 1, tí wọ́n ṣe fún módùlù tó mọ bí a ṣe ń dín iná kù, ámpìà 17 lè máa gba inú rẹ̀ nígbà tí ọmọ ń gbọ́ bọ́ọ̀lù. Kọ́ìlì máa jó, módùlù á tẹ̀ lé e. Ẹni tó ń tà á ní ọjà lè sọ pé kọ́ìlì ni kọ́ìlì. Ẹ má gbà fún un, ẹ ní kó fi mítà wò ó lójú yín.

Ọ̀rọ̀ dwell kò kàn yín púpọ̀, Ìyá. Ṣùgbọ́n nígbà tí rìwáyà bá ń wọn kọ́ìlì, ẹ ní kó tún wo nọ́ńbà dwell lẹ́ẹ̀kan ní síló. Bí ó bá ka nǹkan bí 80 nínú 90, módùlù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ má ń já iná mọ́, ẹ ti mọ ohun tó ń se kọ́ìlì náà. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n gbé e kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáànù níbi tí wọ́n so ó mọ́ láti ilé iṣẹ́ láì ní ìdí. Ibẹ̀ náà gbóná, ṣùgbọ́n mo ti rí ẹni tó gbé e lé orí páìpù èéfín.

Awakọ̀, Ekinrin-Adde:

*Bàbá Rìwáyà, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé kí n yọ nǹkan ẹlẹ́kitíróníìkì yìí, kí n padà sí kọ́ńtáàtì tí mo mọ̀?*

Rárá. Ṣùgbọ́n má ju kọ́ńtáàtì náà nù. Fi òun àti kọ̀ńdẹ́nsà rẹ̀ sínú ọ̀rá, kó wà nínú àpótí iwájú ọkọ̀. Kíìtì tó bá kú ní àárín Iyamoye àti Omuo lóru, kò sí sáńpépà tó lè jí i, kọ́ńtáàtì lè gbé ọ délé. Kọ́kọ́ rí i dájú pé kọ́ìlì tó wà lórí ọkọ̀ rẹ jẹ́ oní-ohm 3 tàbí pé rẹsísítọ̀ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ oní-0.7, ẹnu kọ́ńtáàtì rẹ máa jó kí o tó rí iná ilé, torí náà fi kọ́ìlì àtijọ́ sínú ọ̀rá náà pẹ̀lú. Bí o bá dá kọ́ńtáàtì padà, dwell tún di ohun tí à ń yí nìyẹn, kọ́kọ́ tún un ṣe, kí o tó fọwọ́ kan táímìnì, nítorí èyí àkọ́kọ́ máa ń sún èkejì.

Olùkọ́, mo padà sọ́dọ̀ yín díẹ̀. Bí ẹ bá ń bọ̀ ní Kabba lọ́jọ́ Sátidé, ẹ gba ọ̀nà Aiyetoro wá, kí ẹ má sì gbàgbé ìwé kékeré inú páálí kíìtì yẹn. Mo fẹ́ mọ iye ohm tí wọ́n kọ síbẹ̀ fún kọ́ìlì, kí n fi wé tiyín. Ẹ pe rìwáyà yín kó tẹ̀ lé yín wá. Síkóòpù mi wà nílé, mo sì fẹ́ kó rí i bí iná ṣe ń gun òkè.